Ẹ̀yin Tó Fẹ́ Ra Kámẹ́rà Kékeré fún Aya Tàbí Ọkọ Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti rò pé ọ̀rọ̀ kámẹ́rà kékeré ti parí. Lọ́dún 2010, kámẹ́rà dígítà tí àwọn ilé-iṣẹ́ kó jáde lé ní mílíọ̀nù 120 lágbàáyé. Kò pẹ́ sí i ni fóònù gba iṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Kodak pàápàá, tí gbogbo àwa onífọ́tò ayé àtijọ́ ń jẹun lábẹ́ rẹ̀, gba ilé ẹjọ́ lọ ní January 2012 pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. Àfi bí àwọn ọmọ tó gbọ́njú bá fóònù ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá kámẹ́rà kiri. Ní báyìí, ó ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan yà sọ́dọ̀ mi: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kámẹ́rà wo ni kí n rà fún ìyàwó mi? Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀." Àwọn ìyàwó náà ń béèrè nítorí ọkọ wọn.

Ìdáhùn mi kì í yí padà: èyí tí yóò máa bá a jáde nílé ni. Mo ti rí kámẹ́rà olówó ńlá tó di ẹrù inú dúrọ́ọ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé, nítorí pé ẹni tó rà á wo orúkọ, ó wo owó, kò wo ọwọ́ tí yóò gbé e. Ẹ jẹ́ kí n tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

1. Kọ́kọ́ wo ohun tó ti ń yà tẹ́lẹ̀.

Jókòó tì í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kó máa fi fọ́tò inú fóònù rẹ̀ hàn ọ́. Má ṣe jí fóònù wò o. Ìjà tí ìyẹn máa dá sílẹ̀, kámẹ́rà mẹ́wàá kò lè parí rẹ̀. Ohun tó bá pọ̀ jù níbẹ̀ ni kí o fi sọ́kàn. Bí ó bá jẹ́ àwọn ọmọ ló ń yà, nínú pálọ̀, lálẹ́, tí ojú wọn sì máa ń rí bàìbàì torí pé wọn kì í dúró jẹ́ẹ́, kámẹ́rà tí lẹ́ńsì rẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ wọlé lo máa wá. Bí ó bá jẹ́ òde àríyá, fíláàṣì àti súùmù ni. Bí ó bá jẹ́ oúnjẹ, ìlẹ̀kẹ̀, iṣẹ́ ọnà ara aṣọ, béèrè bí lẹ́ńsì ṣe lè sún mọ́ nǹkan tó kí fọ́tò tó dàrú. Bí ó bá jẹ́ ojú ara rẹ̀ àti tàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kún ibẹ̀, síkírìnì tó ṣeé yí síwájú ni, má sì fi í ṣẹ̀sín.

Bí ó bá wá jẹ́ pé ọjà tó ń tà lórí WhatsApp nìkan ló wà níbẹ̀, fóònù rẹ̀ ti tó o. Ra nǹkan mìíràn fún un.

2. Mọ ibi tí fóònù ti ju kámẹ́rà lọ.

Má lọ sọ fún un pé kámẹ́rà yìí ju fóònù rẹ̀ lọ ní gbogbo ọ̀nà. Irọ́ náà á já kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Fóònù tuntun tó dáa ń ya fídíò tí kì í gbọ̀n. Nínú òkùnkùn, á yára ya bíi mélòó kan, á dà wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan tó mọ́lẹ̀, á sì fi í ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kámẹ́rà kékeré kò lè bá a dù ú níbẹ̀ yẹn.

Ohun tó fi jù ú ni súùmù gidi, tí lẹ́ńsì ń jáde síta, tí gíláàsì inú rẹ̀ ń rìn. Ọ̀pọ̀ fóònù kàn ń gé àárín fọ́tò, wọ́n ń fẹ̀ ẹ́ ni. Lára páálí kámẹ́rà, "optical" ni wọ́n ń kọ sí ti gidi, "digital" sí ti gígé. Ti àkọ́kọ́ nìkan ni kí o kà. Lẹ́yìn ìyẹn, fíláàṣì. Iná LED ló wà lẹ́yìn fóònù, ó kàn ń tàn sílẹ̀ ni. Ti kámẹ́rà jẹ́ gíláàsì tí gáàsì xenon wà nínú rẹ̀, ó ń bù yẹ̀rì láàárín ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá tàbí kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń jó lágbo, tí gèlè rẹ̀ ń mì, tí owó ń já bọ́ níwájú orí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dúró gbọn-in nínú fọ́tò, títí kan owó tó ṣì wà lófuurufú. (Òfin báǹkì àpapọ̀ ti 2007 ka nínáwó lágbo léèwọ̀, nítorí náà kó mọ ẹni tó máa fi fọ́tò náà hàn.)

Ohun kan tún wà tí wọn kì í kọ sára páálí: kámẹ́rà kì í dún. Nígbà tí ọmọ bá ń gba ẹ̀bùn níwájú ilé ìwé, ìpè kankan kò ní wọlé sí i, àlọ́ọ̀tì báǹkì kò ní bo ojú ọmọ mọ́lẹ̀.

3. Má jẹ́ kí iye mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì tàn ọ́.

Ariwo tí àwọn ọlọ́jà ń pa jù nìyẹn. Fọ́tò ínṣì 6 sí 4 tó ń wọ inú álíbọ́ọ̀mù, píksẹ́ẹ̀lì mílíọ̀nù 2 àti díẹ̀ ló tó láti fi fọ̀ ọ́ kó mọ́ kedere. Ínṣì 10 sí 8, mílíọ̀nù 7 àti díẹ̀. Kámẹ́rà tó ní 20 ti lè fún ọ ní fọ́tò tó gùn tó ínṣì 18, èyí tó ṣeé gbé kọ́ sí ògiri pálọ̀. Kí lo fẹ́ fi 64 ṣe? Èyí tí Steven Sasson kọ́kọ́ tò pọ̀ ní Kodak lọ́dún 1975, píksẹ́ẹ̀lì 10,000 péré ló ní, ìṣẹ́jú àáyá 23 ló sì fi ń kó ẹyọ fọ́tò kan sórí kásẹ́ẹ̀tì. A ti kúrò níbi tí iye wọn ti ń dunni.

Ohun tó yẹ kí o béèrè ni bí sẹ́ńsọ̀ ṣe tóbi tó, ìyẹn ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé nínú kámẹ́rà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú kámẹ́rà kékeré, tí wọ́n máa ń kọ 1/2.3 sí, kò ju bíi mìlímítà 6 sí 4.5 lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní ínṣì kan jẹ́ mìlímítà 13.2 sí 8.8, orúkọ lásán ni ínṣì yẹn, kò sí ibi tó ti pé ínṣì kan lára rẹ̀. Síbẹ̀, ó fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Lọ́sàn-án gangan, o lè má mọ ìyàtọ̀. Nínú pálọ̀ tí gílóòbù kan ṣoṣo ń tàn, o máa mọ̀ ọ́n: ara fọ́tò ti kékeré á máa ṣe wínníwínní, irun orí àti ìpéǹpéjú á dà pọ̀ mọ́ra.

Ṣọ́ra fún àwọn kámẹ́rà tí orúkọ wọn kò ní baba, tí wọ́n kọ 4K àti 48MP gàdàgbà sí lára, tí owó wọn kò sì tó owó bàtà òde. Sẹ́ńsọ̀ kékeré ló wà nínú wọn, fífẹ̀ ni wọ́n fẹ nọ́ńbà tó kù. Fún ọmọ ọdún méje, ó dáa. Fún aya ẹni, rárá.

4. Èyí tí mo mọ̀, tí mo lè dárúkọ.

Canon IXUS ni àwọn ọmọ ń wá jù nínú ti àtijọ́. Ti dígítà rẹ̀ ti wà láti ọdún 2000. ELPH ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà, IXY ni ní Japan, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré, àmọ́ ó fẹ́lẹ́, ó ń wọ pọ́ọ̀sì tí obìnrin ń gbé lọ sóde, fíláàṣì rẹ̀ sì ni àwọn ọmọ fẹ́ràn.

Sony gbé RX100 jáde lọ́dún 2012, ó ki sẹ́ńsọ̀ ínṣì kan bọ inú kámẹ́rà tó wúwo ní gíráàmù 240 péré, pẹ̀lú bátìrì àti káàdì. Wọ́n ti ṣe é dé ìkeje. Ẹ̀kẹta, ti 2014, ni mo fẹ́ràn jù: síkírìnì rẹ̀ ṣeé yí síwájú, ihò ìwòran kékeré kan sì ń yọ lórí rẹ̀ fún ìgbà tí oòrùn bá mú ojú síkírìnì dúdú. Súùmù rẹ̀ ni kò lọ jìnnà, kò tó ìlọ́po mẹ́ta.

Canon G7 X dé lọ́dún 2014. Ẹ̀kẹta rẹ̀ tó jáde lọ́dún 2019 ni gbogbo ọmọge ń béèrè báyìí, owó rẹ̀ sì ti tìtorí bẹ́ẹ̀ lọ sókè. Dọ́là 749 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Amẹ́ríkà. Ẹ má bi mí léèrè iye tí wọ́n ń pè é n'Ìkẹjà lónìí. Gíráàmù 304 ni. Lójú tèmi, ẹ̀kejì rẹ̀, ti 2016, ti ṣe gbogbo ohun tí ẹni tó ń ya ọmọ àti òde àríyá nílò. Bí o bá rí i, má dààmú ara rẹ nítorí ẹ̀kẹta.

Ọkọ tó ń dúró létí pápá níbi tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, Panasonic Lumix TZ ni kí ìyàwó rẹ̀ wá fún un. TZ90 ń fa nǹkan sún mọ́ ní ìlọ́po 30. Ẹni tó ń lọ sí etíkun tàbí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti eruku, Olympus TG-6 ni: omi tó jìn ní mítà 15 kò ṣe é ní nǹkan kan, lẹ́ńsì rẹ̀ kì í sì í yọ síta tí iyanrìn á fi wọlé. Fujifilm X100VI àti Ricoh GR III kò ní súùmù rárá, owó gọbọi sì ni wọ́n. Bí ẹni tí o fẹ́ fún kò bá fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ wọn, fi wọ́n sílẹ̀.

5. Wo ọwọ́ rẹ̀, wo ojú rẹ̀.

Ẹni tó ń lo awò ìkàwé á máa na síkírìnì jìnnà kó tó ríran. Kámẹ́rà tó ní ihò ìwòran, tó sì ṣeé tún ṣe bá agbára ojú ẹni mu, ìtura ńlá ni fún un. Èékánná gígùn kò bá bọ́tìnì tín-ín-tìn-tín rẹ́, ìka ọkọ tó tóbi náà kò bá a rẹ́. Mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó fẹ́ ra ṣájà, kó gbé méjì mẹ́ta wò. Dákẹ́, kí o máa wo èyí tí kò fẹ́ gbé sílẹ̀.

6. Béèrè ibi tí bọ́tìnì + àti − wà.

Kò sí ẹni tó máa sọ èyí fún ọ lọ́jà, bẹ́ẹ̀ àwa aláwọ̀ dúdú ló kàn jù. Mítà inú kámẹ́rà gbà pé bí a bá pò gbogbo ohun tó wà níwájú òun pọ̀, àwọ̀ eérú ló yẹ kó jẹ́. Gbé ìyàwó adúmáadán tó wọ léèsì funfun síwájú ògiri funfun. Kámẹ́rà á ní ìmọ́lẹ̀ yìí ti pọ̀ jù, á fà á wálẹ̀, léèsì á di eérú, ojú ìyàwó á ṣókùnkùn débi pé ẹyin ojú àti eyín nìkan lo máa rí. Àwọn kan á ní kámẹ́rà náà kò dáa. Ó dáa. Tì í sí +1, ojú á là, léèsì á padà funfun. Òdìkejì rẹ̀ wà pẹ̀lú: bí gbogbo ẹbí bá wọ ẹtù tàbí àdìrẹ ẹlẹ́lùú, kámẹ́rà á fẹ́ sọ ọ́ di eérú, aṣọ á dà bí èyí tó ti ṣá. Mú un wá sí −1.

Bí bọ́tìnì yìí bá sá pamọ́ sínú mẹ́nù ìpele mẹ́ta, ẹni tó ni kámẹ́rà kò ní lò ó láéláé. G7 X gbé e sí orí rẹ̀ gan-an, kẹ̀kẹ́ kékeré tí àtàǹpàkò lè yí; ìdí pàtàkì tí mo fi ń yìn ín nìyẹn. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ìyà tí a jẹ nígbà fíìmù. Káàdì tí Kodak ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọfọ́tò láti máa fi tún àwọ̀ ṣe, obìnrin òyìnbó kan ló wà lórí rẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pè é. Bí àwọ̀ Shirley bá ti gún, wọ́n gbà pé àwọ̀ gbogbo ayé ti gún nìyẹn.

7. Bí o ṣe máa yẹ tòkunbọ̀ wò.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo dárúkọ, tòkunbọ̀ lo máa rí, torí wọn kò ṣe wọ́n mọ́. Bí o bá ń lọ sí Computer Village ní Ọtígbà, n'Ìkẹjà, àárọ̀ ni kí o lọ, má lọ nígbà tí wọ́n bá ń palẹ̀ mọ́. Mú káàdì tìrẹ dání, àti tọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá dí ọ lọ́nà pé "Ọ̀gá, kí lẹ fẹ́ rà?" dá a lóhùn dáadáa, kí o sì kọjá, ṣọ́ọ̀bù tó ní pátákó, tó ń kọ rìsíìtì, ni kí o wọ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Kí ọmọ tó ń tajà, sọ fún un pé o máa yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó sanwó. Bí ó bá ń lọ́ra láti jẹ́ kí o ti káàdì bọ̀ ọ́, dúpẹ́, kí o máa bá tìrẹ lọ.

Tàn án, kí o tẹ́tí sí lẹ́ńsì. Ó yẹ kó jáde geere, kó dúró. Bí ó bá ń ha, tó ń kọ́, tàbí tí "lens error" bá yọ lójú síkírìnì, ó ṣeé ṣe kí iyanrìn ti wọ eyín rẹ̀ tàbí kó ti já bọ́ rí, owó àtúnṣe rẹ̀ sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí o fẹ́ fi rà á. Sún súùmù dé òpin, dá a padà. Pa á, tàn án, pa á, tàn án. Wá tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú lẹ́ńsì láti ẹ̀gbẹ́. Bí o bá rí okùn funfun tín-ín-rín tó ń ya ẹ̀ka nínú gíláàsì, ó ti bu nínú. Má rà á, bí ó ti wù kó dínwó tó.

Ya ojú ọ̀run tàbí àjà ilé funfun lẹ́ẹ̀mejì, kí o fẹ̀ ẹ́ lójú síkírìnì. Àmì dúdú róbótó tó bá wà lójú kan náà nínú méjèèjì, eruku ló ti dé orí sẹ́ńsọ̀. Irú kámẹ́rà yìí kò sì ṣeé ṣí nù nílé. Fi ọwọ́ bo lẹ́ńsì, ya òkùnkùn: kí àmì pupa àti funfun má pọ̀ níbẹ̀. Ya pẹ̀lú fíláàṣì. Ya fídíò, kí o gbọ́ bóyá ohùn ń jáde. Ṣí ilé bátìrì. Bátìrì tó bá ti wú, tó ń ṣòroó yọ, kò yẹ kí o sanwó rẹ̀. Wo súkúrúù ara rẹ̀: bí orí wọn bá ti bó, ẹnìkan ti ṣí i rí. Tún ọjọ́ àti aago inú rẹ̀ ṣe, yọ bátìrì, dúró díẹ̀, dá a padà. Bí ó bá tún ń bi ọ́ ní ọjọ́ òní, bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú. Ìyẹn kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ kọ̀ ọ́, àmọ́ ó tó láti fi ná owó rẹ̀ wálẹ̀.

Kí wọ́n kọ nọ́ńbà ìdí kámẹ́rà náà sórí rìsíìtì, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí ẹ jọ fẹnu kò sí pé o lè dá a padà. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá na ìka sí i pé tòun ni, pé wọ́n jí i ni, rìsíìtì yẹn ló máa bá ọ sọ̀rọ̀.

8. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní London tàbí Houston ló máa bá ọ rà á,

sọ fún un kó wo ara ṣájà: 100–240V ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ti Britain á wọ ihò iná wa tààrà, ti Amẹ́ríkà á fẹ́ àfikún orí. Bátìrì tí kò sí nínú kámẹ́rà, kó fi í sínú báàgì ọwọ́ tó máa gbé wọ inú ọkọ̀ òfuurufú, kó má kó o sínú àpótí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èrò. Kó sì ṣọ́ra fún Sony olówó pọ́ọ́kú tó wá láti Japan. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà wọn níbẹ̀, èdè Japan nìkan ló wà nínú mẹ́nù rẹ̀, kò ṣeé yí sí Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ìyàwó tó fẹ́ kọ́ èdè Japan ní ọjọ́ ìbí rẹ̀.

9. Fi owó káàdì àti bátìrì sọ́tọ̀ kí o tó dúnàá dúrà.

Kámẹ́rà àtijọ́ tó bá jẹ́ SD lásán ló gbà, kò mọ̀ ju 2GB lọ. SDHC dé 32GB, ohun tó bá ju ìyẹn lọ SDXC ni. Sony tó wà ṣáájú 2010, Memory Stick ni wọ́n ń lò. Olympus àti Fujifilm ayé ọjọ́un, xD. Jìnnà sí méjèèjì, káàdì wọn ti di ohun àwátì. Ayédèrú káàdì pọ̀ lọ́jà: 128GB lára, 8GB nínú. Fọ́tò tó bá ti kọjá 8GB á kàn pòórá, o kò sì ní mọ̀ títí ẹ ó fi dé láti ibi ìkómọjáde. Ètò orí kọ̀ǹpútà kan wà tó ń jẹ́ H2testw, ọ̀fẹ́ ni. Á kọ nǹkan kún káàdì, á tún kà á padà, àṣírí á tú.

Bátìrì kámẹ́rà kékeré kì í pẹ́. Canon fúnra wọn kọ fọ́tò 235 sí ti G7 X ẹ̀kẹta. Nílé tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, bátìrì kejì kì í ṣe afẹ́. RX100 ń gba iná láti ara páwà báǹkì, oore ńlá nìyẹn. Ra káàdì rídà kékeré tó ń wọ ìdí fóònù kún un, torí RX100 àkọ́kọ́ kò ní Wáì-fáì, Wáì-fáì àwọn mìíràn náà kì í sì í fẹ́ bá fóònù tuntun sọ̀rọ̀. Bí fọ́tò kò bá yára dé orí WhatsApp, kámẹ́rà á padà sí dúrọ́ọ̀.

10. Ọyẹ́ àti òjò.

Nígbà ọyẹ́, kí ẹni tí o rà á fún má tàn án lójú afẹ́fẹ́ eléruku. Nígbà òjò, kó má fi í sínú àpò aláwọ. Inú ike olómorí ni, pẹ̀lú àpò sílíkà kékeré tó ń wà nínú páálí bàtà tuntun. Ọ̀rinrin Èkó ló ń mú lẹ́ńsì bu.

11. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti ṣọ́jà.

Òfin àṣírí ìjọba ti 1962 ṣì wà níbẹ̀. Kí ó má gbé kámẹ́rà sókè níwájú bárékè tàbí ibi tí ìjọba bá ti kọ ọ́ pé a kò gbọ́dọ̀ yà. Fóònù lè mú un jẹ nígbà mìíràn, kámẹ́rà kì í mú un jẹ.

12. Bí o bá ti gbé e fún un tán, gbé ọwọ́ rẹ kúrò.

Kí o tó wé e, gba iná sí bátìrì, ti káàdì bọ̀ ọ́, tún ọjọ́ àti aago rẹ̀ ṣe, kó lè yà á lójú ẹsẹ̀ níbi tó ti ń ṣí i. Fi í sí Auto. Ohun tó ń bí mi nínú ni ọkọ tó ra kámẹ́rà fún ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pé kò mọ̀ ọ́n yà. Bí o bá fẹ́ kámẹ́rà, ra tìrẹ. Orí tó gé kúrò nínú fọ́tò àkọ́kọ́, má rí i. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, orí á wọlé fúnra rẹ̀.

Ìgbà kan ṣoṣo tí mo gbà kí o tọrọ rẹ̀ ni láti ya òun náà. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ìyá tó ń ya gbogbo ilé, wá a nínú álíbọ́ọ̀mù, o kò ní rí i.

13. Ẹ máa fọ fọ́tò.

Fọ́tò tó wà nínú káàdì nìkan, bí ẹni tí kò yà á ni. Ní ilẹ̀ wa, fọ́tò kì í ṣe eré. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìyà á, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà, àwọn méjèèjì á jókòó ti ara wọn. Ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn African Arts lọ́dún 1978, lẹ́yìn tó ti bá àwọn onífọ́tò Ìlá Ọ̀ràngún ṣiṣẹ́. Ẹ mú díẹ̀ lọ fọ̀ kí ọdún tó parí.

14. Bí owó kò bá tó.

Má lọ yá owó lórí fóònù lọ́wọ́ àwọn tó máa pe gbogbo mọ̀lẹ́bí rẹ láti fi ọ́ sẹ̀sín, nítorí G7 X. Canon IXUS tí lẹ́ńsì rẹ̀ ń jáde geere, bátìrì méjì, káàdì 32GB tí kì í ṣe ayédèrú, àti káàdì rídà kan ti tó ẹni tó fẹ́ràn fọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn ni kí ẹ rà.